Àdín àti Imí-Ọjọ́ fún Ojúlarí

Eégbọn náà ń rìn. Ó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, ó wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi, àwọ̀ rẹ̀ sì rí bí eérú. Ìyá àgbà kan, aládùúgbò wa, ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀mú kékeré fà á tu lẹ́yìn etí ajá mi ni. Wọ́n fà á gbọọrọ, wọn kò yí i, kí ẹnu rẹ̀ má baà kù sínú awọ. Wọ́n jù ú sínú àwo tánńganran kan tí àdín wà nínú rẹ̀, wọ́n ní kí n máa wò ó. Mo lóṣòó ti àwo náà, mo fi àgbọ̀n lé orúnkún, mo ń wo ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bí wọ́n ṣe ń jà fitafita nínú òróró dúdú yẹn. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ kan dúró. Èkejì náà dúró.

"Ó ti kú, mà?"

"Kò tíì kú. Èémí ló ń wá. O rí imú lójú ẹ̀?"

"N ò rí i, mà."

"Kò ní imú. Ẹ̀gbẹ́ ikùn ni ihò tí eégbọn fi ń mí wà, òróró sì ti dí i pa. Ìwọ náà, tí wọ́n bá fi àdín dí ihò imú ẹ, ṣé wàá lè máa da ìbéèrè bo àgbàlagbà báyìí?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò gbójú kúrò nínú àwo. Pé ohun abẹ̀mí kan wà láyé tó ń fi ẹ̀gbẹ́ ikùn mí, pé ìyá tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé kejì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó dùn mọ́ mi ju dùndú gbígbóná lọ. Ọjọ́ náà ni nǹkan yìí wọ̀ mí lára, kò sì tíì jáde. Títí dòní, tí mo bá rí ajá tó ń họra lẹ́bàá títì, mo máa ń dúró. Àwọn tí a jọ ń rìn á ṣíwájú lọ, wọ́n á ní, "Ẹ wò ó, ó tún ti rí aláìsàn ẹ̀."

Mushin là ń gbé nígbà náà, ní apá àtijọ́ tí ilé ti fara ti ilé. Ilé tiwa jẹ́ èyí tí àwọn yàrá kọjú síra, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan láàárín, ìdílé kan nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ilé, ògiri kan tó ti wó lápá kan ló pààlà àárín àwa àti ẹ̀yìnkùlé ìyá náà. Àdín ni wọ́n ń ṣe. Láti àárọ̀ ni èkùrọ́ ti máa ń ta pàrà pàrà nínú ìkòkò irin ńlá wọn, tí èéfín rẹ̀ á gba ibi tí ògiri ti wó yẹn wọlé wá bá wa. Òórùn rẹ̀ ṣòro ṣàlàyé fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí: ó dà bí àgbàdo tó jó nínú iná, ó dà bí ṣúgà tó di dúdú, ó tún ní nǹkan kíkorò díẹ̀ lábẹ́. Ó máa ń wọ inú aṣọ ilé ìwé mi. Àwọn ọmọ kíláàsì mi a máa pè mí ní "ọmọ tuntun", nítorí àdín ni àwọn ìyá wọn fi ń pa ọmọ jòjòló lára.

Obìnrin kúkúrú ni Ìyá Aláàdín. Apá wọn máa ń dán láti ìgúnpá dé ọmọ ìka. Wọn kì í jẹ́ kí ìrun kankan kọjá. Kí ìdọ̀tí ajá tí wọ́n ń tọ́jú má baà bá wọn dé ibi ìrun, wọ́n ní ìró kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ajá, àdìrẹ kan tó ti ṣá, tó máa ń wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Tí wọ́n bá fẹ́ fọwọ́ kan ajá, wọ́n á ró o. Tí ládàánì bá pe ìrun, wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á fi iyẹ̀pẹ̀ fọ ọwọ́, wọ́n á fi omi fọ ọ́, wọ́n á ṣe àlùwàlá, wọ́n á kírun, wọ́n á sì tún padà wá ró ìró ajá. Àwọn obìnrin ilé wa kì í gbàgbé láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá Aláàdín, ẹ̀yin pẹ̀lú ajá yìí! Ṣé ẹ máa gbé e lọ Mẹ́kà ni?"

"Tó bá ti lè gba físà, mo ti gbé e nìyẹn. Ó kúkú níwà ju àwọn kan tó ti lọ tí wọ́n bọ̀."

Ààfáà kan ní mọ́sáláṣí fẹ́ bá wọn sọ ọ́ rí. Wọ́n fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Ẹ̀yin lẹ sọ níbi wáàsí pé láádá wà nínú àánú tí a bá ṣe fún ohun abẹ̀mí. Àbí ajá ò mí ni?" Ààfáà rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọmọ ọdẹ ni wọ́n. Ní abúlé kan lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti dàgbà, bàbá wọn sì ní ajá tó pọ̀. Wọ́n ní àwọn ò tíì dé ilé kéwú tí àwọn ti mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ajá tó ń ké. Nígbà tí wọ́n dé Èkó tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdín, ajá àdúgbò ń tọ òórùn ìkòkò wọn wá, bí wọ́n bá sì ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ìyá náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ etí wọn wò.

Ojúlarí ni orúkọ ajá tèmi. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ mẹkáníìkì, ni wọ́n gbé e wálé láti Èbúté Mẹ́ta nígbà tó ṣì kéré débi tó fi ń sùn sínú bàtà iṣẹ́ wọn. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ bí àwọn àgbà ṣe máa ń sọ ajá lórúkọ, tí wọ́n á fi orúkọ ajá sọ ohun tó ṣòro sọ lójú èèyàn: ojú là rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Bàbá mi búra pé àwọn ò ní ẹnì kankan lọ́kàn. Bàbá onílé wa ò gbà. Gbogbo àárọ̀ tí bàbá mi bá ti pe ajá náà lóhùn rara, bàbá onílé á yọjú lójú fèrèsé, wọ́n á ní, "Mo gbọ́ o. Mo ti gbọ́."

Ajá pupa ni, etí rẹ̀ kan dúró, èkejì tẹ̀. Òun ló ń sìn mí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, tó ń dá padà wálé fúnra rẹ̀. Tí mo bá jáde lọ́sàn-án, òun ni màá kọ́kọ́ rí ní géètì. N kò ní ẹ̀gbọ́n, n kò sì tíì ní àbúrò. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo rí mọ ohun tí mo ń sọ.

Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ ọdún kan ló bẹ̀rẹ̀ sí í họra. Eégbọn ló kọ́kọ́ bò ó, lẹ́yìn náà kúrúnà dé. Irun ré kúrò ní ìgúnpá rẹ̀, ní eteetí, ní àyíká ojú, awọ ibẹ̀ sì yi bí èèpo iṣu. Nígbà tó bá ń họra, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa lu ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn wa kó kó kó bíi pé àlejò ló ń kànkùn. A ti ṣílẹ̀kùn lásán fún un láìmọye ìgbà.

Bàbá onílé rí àyè wàyí. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, bí wọ́n ṣe ti mọ́sáláṣí dé, wọ́n dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bàbá ọmọ yìí, ẹ gbọ́ o. Oṣù ààwẹ̀ ń bọ̀. Ẹ mọ̀ pé ọgbà mi làwọn èèyàn ti máa ń gbọ́ tàfúsírì. Lọ́jọ́ tí oṣù bá lé, èmi fúnra mi ni mo máa wá wò ó. Tí ajá yìí bá ṣì ń họra, màá ní kí àwọn olókùn wá mú un. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀."

Gbogbo wa la mọ àwọn olókùn. Wọ́n máa ń gba àdúgbò kọjá pẹ̀lú okùn àti ọ̀pá irin gígùn, ajá tí wọ́n bá sì mú lọ, inú ìkòkò ọbẹ̀ ló ń parí sí. N kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Bàbá mi ní kí n pa ẹnu mọ́, pé oògùn kúrúnà wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn. Ẹni tó bá dàgbà ní Mushin á ti mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ọ́ìlì tí ọkọ̀ ti lò tán, tó ti dúdú, tó ń rùn, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kọ́ńdẹ́ẹ̀mù: òun ni gbogbo àdúgbò wa mọ̀ sí oògùn kúrúnà ajá. Fọkanáísà ìta wa fi pa ajá tirẹ̀ lára, ajá náà yè, ó sì ń fi í búra. Àwọn ajá tí kò yè kò ṣeé fi búra, nítorí náà ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ wọn.

Lọ́sàn-án Sátidé, bàbá mi fi kọ́ńdẹ́ẹ̀mù kun Ojúlarí láti orí dé ìrù. Ó dúró ní àárín ẹ̀yìnkùlé, ó ń dán bí bàtà tí wọ́n fi pólíìṣì kùn. Kò pẹ́ tó yí ọrùn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í lá ara rẹ̀. Nígbà tí màmá mi fi máa pariwo, ó ti ń bì, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń gbọ̀n.

Ẹni tó ń fi ojoojúmọ́ gbóòórùn òróró kan kì í pẹ́ mọ òróró àjèjì. Ìyá Aláàdín gba ibi tí ògiri ti wó wọlé, ìró ajá ní ìdí, igi tí wọ́n fi ń ro èkùrọ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

"Ta ló ń se ẹ́ńjìnì ní ẹ̀yìnkùlé?" Ojú wọn bọ́ sára ajá. "Hà! Mẹkáníìkì! Ọkọ̀ lo pè é ni?"

"Ìyá, kúrúnà ni mo ní kí n..."

"Kúrúnà ò pa á, ìwọ lo fẹ́ pa á. Ajá ò ní tówẹ̀lì. Ahọ́n ẹ̀ ni tówẹ̀lì ẹ̀. Ohun tó o bá fi kùn ún lára, ikùn ẹ̀ lo dà á sí. Ṣé ìwọ lè lá kọ́ńdẹ́ẹ̀mù? Ó yá, lá a, ká rí ẹ!"

Bàbá mi, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ń gbọ̀n níwájú wọn, wolẹ̀.

Obìnrin kan nínú ilé wa ti ń sáré bọ̀ pẹ̀lú ife epo pupa, nítorí pé epo pupa la máa ń fún ẹni tó bá jẹ májèlé. Ìyá náà fi igi ọwọ́ wọn dá a dúró. "Òróró lórí òróró? Ṣé ẹ fẹ́ kó yọ̀ dé ọ̀run ni? Ẹ má fún un ní nǹkan kan. Ẹ má sì jẹ́ kó tún bì, kí èyí tó wà nínú ẹ̀ má gba ẹ̀dọ̀fóró. Láfún dà? Ta ló ní láfún nílé yìí?"

"Mo ní díẹ̀," màmá mi fèsì. "Èyí tí mo fẹ́ fi rokà ni, mà."

"Òun náà ni. Ajá ló ni ọkà òní."

Mo dúró tì wọ́n, mo di orí Ojúlarí mú, gbogbo ohun tí wọ́n ṣe ni mo rí. Wọ́n kọ́kọ́ fi àdín tó mọ́ pa á lára, wọ́n ń rọ́ ọ kí ọ́ìlì dúdú yẹn lè dẹ̀. Mo rò pé orí wọn ti dàrú. Wọ́n ní omi nìkan á kàn máa gbé ọ́ìlì kiri ara ni, pé òróró ló ń bá òróró sọ̀rọ̀ tó fi ń gbọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n da láfún lé e lórí, wọ́n ń fi ọwọ́ pa á wọ inú irun. Láfún mu ọ́ìlì náà, ó di ṣìkìṣìkì bí amọ̀, wọ́n fi àkísà nù ún dànù. Wọ́n tún da òmíràn lé e. Ó ṣẹlẹ̀ pé àsìkò tí Ojúlarí funfun báláú láti imú dé ìrù ni bàbá onílé yọjú lójú fèrèsé.

"Ajá ta tún nìyẹn? Èyí tẹ́ ẹ ní ò tó, ẹ tún ti ra funfun!"

Màmá mi, tí omi wà lójú wọn látàárọ̀, bú sẹ́rìn-ín débi tí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ dúdú ló parí rẹ̀. Ìyá náà fi imú wọn tọ gbogbo ara rẹ̀ títí òórùn ọ́ìlì fi lọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n yíjú sí bàbá mi.

"Ara lèmi mọ̀. Èyí tó ti wọ ikùn, ti dókítà ni. Gbé e dìde nísinsìnyí, má jókòó."

Dókítà ẹranko kan wà lọ́nà Ìlúpéjú. Ọ̀kadà la gùn: bàbá mi lẹ́yìn, èmi láàárín, Ojúlarí tí a fi aṣọ ìbora wé bí ọmọ tuntun lórí ẹsẹ̀ mi. Dókítà náà, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, gún un lábẹ́rẹ́, ó fa omi sí i lára, ó sì ní ọ́ìlì tí wọ́n ti fọ̀ kúrò lára rẹ̀ kí a tó gbé e dé ló gbà á là. Ní ti kúrúnà, ó ní ara ajá náà kò tíì lè gba oògùn líle. Nígbà tí bàbá mi sọ fún un pé ìyá àdúgbò wa máa ń lo imí-ọjọ́, ó mi orí pé ó dáa. "Òun náà ló wà nínú ìkunra tí èmi ń lò. Ẹ jẹ́ kí Màmá ṣe é lọ, kẹ́ ẹ máa gbé e wá kí n máa wò ó."

Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ ìyá náà nìyẹn. Wọn kò pe orúkọ mi mọ́. Ìyá Ajá ni wọ́n ń pè mí.

"Ìyá Ajá, ewé dà?"

Igi dóńgóyárò kan wà lẹ́yìn ilé ìwé wa. Èyí tó gbó ni mo máa ń já, kì í ṣe èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú. A óò gún un nínú odó kékeré, òórùn kíkorò rẹ̀ á dì mọ́ mi lọ́fun, a óò fi omi gbígbóná rẹ ẹ́, a óò sẹ́ ẹ, a óò dúró kí ó lọ́ wọ́rọ́, lẹ́yìn náà la óò fi wẹ ajá, tí omi náà kò ní kan ojú rẹ̀. Ajá tó bá lóyún, wọn kì í fi dóńgóyárò kàn án rárá.

Tí ara bá gbẹ ni ìkunra kàn. Imí-ọjọ́ dé bí òkúta aláwọ̀ ìyeyè, ó sì máa ń kígbe wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí èèyàn bá dì í mú lọ́wọ́ tó gbóná. Mo máa ń gbé e sí etí kí n lè gbọ́ ọ. Orí ọlọ la ti ń lọ̀ ọ́ títí yóò fi kúnná bí àtíkè. Ṣíbí kan imí-ọjọ́ sí ṣíbí mẹ́sàn-án àdín, ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni ìyá náà fi ń gé orí ṣíbí kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọn kì í gbé e sórí iná. Inú omi gbígbóná ni wọ́n máa ń gbé abọ́ rẹ̀ sí. Tó bá pò tán, wọ́n á fi ìka kàn án, wọ́n á fi kan orí ahọ́n wọn, ojú wọn á sì kó jọ bí ẹni tó jẹ ọsàn kíkan.

"Kò dùn. Ṣùgbọ́n kò ní pa mí. Fi pa á."

Síbẹ̀ wọn kò fẹ́ kí Ojúlarí lá a kó tó wọnú awọ. Wọ́n gé ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà kan kúrò, wọ́n fi àkísà rọ etí rẹ̀, wọ́n sì fi í bọ̀ ọ́ lọ́rùn. Gbogbo àdúgbò ló wá wò ó. Ojúlarí á kọlu ilẹ̀kùn, á kọlu àga, á dúró, á máa wò wá bíi pé àwa la gbé ilé sí ibi tí kò yẹ. Àwọn ọmọdé ń pè é ní Dííṣì. Fọkanáísà, tó wá fojú ara rẹ̀ rí i, ní, "Ẹ yí i sí apá ibí yìí díẹ̀, bóyá á mú ṣánẹ̀lì bọ́ọ̀lù."

Ẹní rẹ̀ la sè nínú omi híhó, nítorí ìyá náà ní ẹni tó bá wẹ ajá tí kò fọ ẹní ajá, òfo ló ń ṣe. A da eérú gbígbóná sí gbogbo ihò ara ògiri tí eégbọn ń sá sí. Àwọn eégbọn tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ la sì ń fi ẹ̀mú yọ, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, sínú àwo àdín. Ìdí nìyẹn tí mo fi lóṣòó ti àwo lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n oṣù kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ojoojúmọ́ ni mò ń la irun Ojúlarí wò, mi ò rí nǹkan kan ju awọ pupa lọ. Mo máa ń sunkún sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ìyá náà kì í tù mí nínú. Wọ́n kàn máa ń ní, "Ọ̀gbìn ni. Ẹni tó ń hú kóró rẹ̀ wò lójoojúmọ́, ṣé ó fẹ́ kó hù ni?"

Ọjọ́ tí wọ́n ń wá oṣù dé. Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo èèyàn jáde sí ojú títì, wọ́n gbójú sókè sí ìwọ̀ oòrùn, àwọn ọmọdé gun orí ògiri. Nígbà tó yá, ariwo sọ: "Ó ti lé! Ó ti lé!" Èmi nìkan ni mi ò wòkè. Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà, tí mo di ọrùn Ojúlarí mú, tí ìyá náà ń yọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Bàbá onílé wọlé pẹ̀lú jàlàbíà funfun. Bàbá àti màmá mi tẹ̀ lé wọn, àwọn ará ilé tẹ̀ lé e.

"Ẹ yí i sí mi. Mo ti ṣe àlùwàlá o, n ò ní fọwọ́ kàn án."

Ìyá náà yí i. Ní ibi ìgúnpá, irun ti ń yọ, pupa, kúkúrú, ó rọ̀ bí ìhùùhù ọmọ adìyẹ. N kò tíì rí i bẹ́ẹ̀ rí; ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ló gbé e jáde. Bàbá onílé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n dìde.

"Mo rí irun. Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ ni pé kó má máa họra. Ẹ gbé àga fún mi."

Wọ́n jókòó. Ojúlarí jókòó, ó ń wò wọ́n. Wọ́n ń wò ó. Mo ti ń gba gbogbo àdúrà tí mo mọ̀, ti mọ́sáláṣí àti ti ìpéjọ òwúrọ̀ ilé ìwé. Lójijì Ojúlarí dìde. Ó rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá onílé, ó sì gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sókè. Ọkàn mi já.

Ó tọ̀ sára ògiri.

Bàbá onílé fò sókè, wọ́n ká jàlàbíà wọn mọ́ra. "Astagafurulai! Ẹ mú un kúrò lọ́dọ̀ mi!" Nígbà tí wọ́n fi máa rí i pé kò kàn wọ́n, wọ́n tún jókòó, wọ́n tún ń wò ó. Ojúlarí dùbúlẹ̀, ó gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀ mi. Ojú rẹ̀ ń pa dé. Kò họ ara.

Ìyá Aláàdín ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Alàájì, ajá ti dákẹ́ látàárọ̀. Ẹ̀yin lẹ ń họra."

Òótọ́ ni. Ọwọ́ òsì bàbá onílé wà lábẹ́ jàlàbíà, ó ń họ ọrùn ẹsẹ̀ wọn kárakára, ó sì jọ pé àwọn fúnra wọn kò mọ̀. Wọ́n wo ọwọ́ náà bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni.

"Làpálàpá ni," wọ́n fi ohùn kékeré sọ. "Ó ti pẹ́ lára mi."

"Ẹ ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ họra nílé yìí lọ́jọ́ tí oṣù bá lé," ìyá náà ń bá a lọ. "Ṣé kí á pe àwọn olókùn ni?"

Ẹ̀rín tó sọ lẹ́yìn ìyẹn, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ dé Ìdí-Òró. Bàbá onílé fúnra wọn rẹ́rìn-ín títí fìlà fi yẹ̀ lórí wọn. Nígbà tí ó rọlẹ̀, wọ́n nu ojú, wọ́n ní, "Ẹ bá mi bù díẹ̀ sínú ike."

"Màá po tiyín lọ́tọ̀. Àbí kí n gé bọ́kẹ́ẹ̀tì fún yín pẹ̀lú?"

"Ìyá yìí, ẹ jọ̀ọ́." Wọ́n dìde, ìrun ti ń pè wọ́n. Ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n yíjú padà. "Ojúlarí lè dúró."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa dárúkọ rẹ̀ nìyẹn. Bàbá mi gbá mi mọ́ra, èmi gbá ajá mọ́ra, ìyá náà sì ti bọ́ ìró wọn kọ́ sórí ìṣó, wọ́n ń wá iyẹ̀pẹ̀ láti fọwọ́. Ojúlarí wà lọ́dọ̀ wa títí mo fi parí ilé ìwé girama. Irun rẹ̀ pọ̀ débi tí màmá mi fi ń ṣàròyé nípa rẹ̀ nínú ọbẹ̀.

Ọmọbìnrin ìyá náà wá mú wọn padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí iná àdín kò bá ojú wọn mu mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ayé sílẹ̀. Wọn kò kọ́ mi ní gbogbo nǹkan, kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi ló tọ̀nà. Wọ́n máa ń fi áyù sínú oúnjẹ ajá nítorí aràn. Mo ti kà á, mo sì ti bá dókítà ẹranko tí a jọ ń ṣiṣẹ́ báyìí sọ ọ́, pé áyù àti àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Mo yọ ọ́ kúrò. Ìgbẹ́ ajá ni mo máa ń gbé lọ fún dókítà báyìí kí a tó mọ oògùn aràn tí a máa lò. Dìgbòlugi, abẹ́rẹ́ ni, kò sí ewé rẹ̀, ìyá náà pàápàá máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá gbé ajá wá. Ìwọ̀n onílẹ́tíríìkì ni mo fi rọ́pò ṣíbí. Imí-ọjọ́ tí wọ́n ti yọ ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀ ni mo ń rà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan sí mẹ́sàn-án yẹn, mo ti gbìyànjú èyí tó lágbára jù ú lọ àti èyí tí kò lágbára tó o, mo tún padà síbẹ̀.

Ohun tí mo gbà jù lọ́wọ́ wọn kì í ṣe oògùn. Bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan ni. Wọ́n máa ń fi ọwọ́ kan, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á sì sọ láìtijú pé, "Ibi tí mo mọ̀ dé nìyí." Mo ti rí ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ̀ ju wọ́n lọ tí kò lè sọ gbólóhùn yẹn. Èmi náà ṣì ń kọ́ ọ.

Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni mò ń gbé báyìí. Aránṣọ kan ní òpópónà wa ní abo ajá dúdú kan tí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ti pá, ọkọ rẹ̀ sì ti ní kí wọ́n lọ jù ú sí ibi tí kò ti ní mọ̀nà ilé. Kílò mọ́kànlá ló wọ̀n nígbà tó mú un wá. Dókítà họ awọ rẹ̀ níbi mẹ́rin, ó fi ẹ̀rọ awò tó ń sọ bíńtín di ńlá wò ó: kòkòrò kúrúnà wà níbi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ń rìn. Dókítà mú apá tirẹ̀, èmi náà mú tèmi. Dóńgóyárò, àdín, imí-ọjọ́, ẹní tí a sè, ẹyin àti orí ẹja fún oúnjẹ rẹ̀.

Sátidé tó kọjá la gbé e padà lọ. Kílò mẹ́rìndínlógún. Ọkọ aránṣọ fúnra rẹ̀ ló fà á lókùn. Dókítà tún họ ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tẹjú mọ́ awò pẹ́, ó yí i padà, ó tún wò ó. Ó wá kọ ọ́ sórí bébà, ó yí bébà náà sí mi: òdo, òdo, òdo, òdo. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà nílé ìwé, òdo nínú ìṣirò ló ń lé mi kiri. Lọ́jọ́ yẹn, mo fi òdo mẹ́rin jó láti ọ̀dọ̀ dókítà títí dé ẹnu ọ̀nà aránṣọ, ajá dúdú yẹn sì ń fò sókè níwájú mi.